Ìwọ̀n Ni Kò Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ lórí Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ àti Èdè-Ìperí Yorùbá

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí òwe yìí máa wà lọ́kàn gbogbo ẹni tí ó bá dáwọ́ lé ṣíṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ni ó máa ń wo ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó sọ ohun-èlò lórúkọ. Díẹ̀ ni ó ń wo ilé tí ohun-èlò náà ń gbé, èyí ni ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe yìí hàn kedere nínú iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀, pàápàá lórí ohun-èlò tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣọ́ọ̀kì.

Ẹni tí ó bá dé ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ìbáà ṣe titun tàbí tókúnbọ̀, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tí ń tà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Ìgbò, yóò sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n wá rajà láti Súúrùlérè àti Yábàá. Bí oníbàárà bá fẹ́ gbé jíìpù rẹ̀ sókè nítorí ọ̀nà oko, "ṣọ́ọ̀kì gígùn" ni ó máa ń béèrè. Olùtajà yóò mú èyí tí ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá, wọn yóò dúnàá-dúrà, oníbàárà yóò sì sanwó. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ẹnikẹ́ni kì í sábà béèrè: ó gùn nígbà wo? Ṣé nígbà tí a nà án tán ni, tàbí nígbà tí ó súnkì tán? Mẹkáníìkì gbọ́n tó láti béèrè. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè ni kò sí lẹ́nu rẹ̀. Inú àìsí ọ̀rọ̀ yìí ni ewu wà. Ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n fi orúkọ ohun-èlò náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì ń ṣe

Láàárín táyà àti ṣáásì ọkọ̀, ohun méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èkíní ni sípíríǹgì, yálà èyí tí a lọ́ bí ejò tí ó ká jọ, tàbí èyí tí a fi irin pẹlẹbẹ tò léra. Sípíríǹgì ni ó ń ru ọkọ̀; òun náà ni ó sì ń gba ìkọlù nígbà tí táyà bá kó sí kòtò tàbí tí ó bá gun òkúta. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì kì í gba agbára kí ó sì pa á run: ó ń dá a padà ni. Bí a bá fi òun nìkan sílẹ̀, ọkọ̀ yóò máa fò sókè sódò fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn kòtò kan ṣoṣo.

Ṣọ́ọ̀kì ni ohun kejì. Písítìnnì kan wà nínú rẹ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú òróró. Òróró náà gbọ́dọ̀ gba ihò tín-ín-rín kọjá kí písítìnnì tó lè rìn. Ìnira yìí ni ó ń sọ agbára fífò náà di ooru, atẹ́gùn a sì gbé ooru náà lọ. Ìdí nìyí tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn-àjò lórí ọ̀nà gbágungbàgun.

Àwọn mẹkáníìkì mọ èyí dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀kì ti kú, wọn a fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọn a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Bí ọkọ̀ bá padà sókè tí ó sì dúró, ṣọ́ọ̀kì wà láàyè. Bí ó bá ń jó lọ́pọ̀ ìgbà, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Àyẹ̀wò yìí fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé sípíríǹgì ni ó ń gba ìkọlù. Ìjó tí ó tẹ̀lé ìkọlù ni ṣọ́ọ̀kì ń pa.

Orúkọ tí ń purọ́

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ohun-èlò yìí túmọ̀ sí ohun tí ń fa ìkọlù mu. Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, orúkọ náà kò bá iṣẹ́ mu. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní orúkọ mìíràn tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ mímú kí ìmì rọlẹ̀. Àwọn Faransé ń pè é ní amortisseur, ọ̀rọ̀ tí ó tan mọ́ ikú nínú èdè wọn: ohun tí ń sọ ìmì di òkú. Orúkọ yìí ni àwọn Yorùbá tí wọ́n wà ní Kétu, ní Ṣakétẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń bá pàdé nínú èdè ìjọba wọn.

Bí onímọ̀ èdè bá jókòó sínú yàrá rẹ̀ tí ó sì túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, irú ohun tí yóò bí ni "agbàkọlù". Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dùn létí, ó sì jọ Yorùbá, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ yóò rò pé bí ṣọ́ọ̀kì bá ti gùn tó, tí ó sì le tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gba ìkọlù tó. Èrò yìí ni ó ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àyálò ni ṣọ́ọ̀kì. Àwọn mẹkáníìkì gé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà sí méjì, wọ́n mú ìdajì àkọ́kọ́, wọ́n sì fi fáwẹ̀lì parí rẹ̀, nítorí pé sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe sí bíréèkì àti bọ́lùtù. Ìdajì tí wọ́n mú yìí gan-an ni ó túmọ̀ sí ìkọlù ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó dà bí ìgbà tí a fi orúkọ olè pe ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé. Síbẹ̀, kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, nítorí pé lẹ́nu mẹkáníìkì, ṣọ́ọ̀kì kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju ohun-èlò náà lọ. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò tí kò ṣàlàyé ara rẹ̀ kò lè purọ́. Ọ̀rọ̀ tí a hun láti inú Yorùbá ń ṣàlàyé ara rẹ̀, nítorí náà ó lè purọ́. Ẹni tí ó hun ún ni ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé òtítọ́ ni àlàyé náà.

Bí àwọn tí ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ orúkọ Yorùbá dandan, apàgbọ̀n yóò dára, èyí ni a-pa-ìgbọ̀n, ohun tí ń pa ìgbọ̀n. Ọ̀nà tí a gbà hun ún kò ṣàjèjì: bẹ́ẹ̀ ni a ṣe hun apẹja, ìrònú kan náà ni ó sì wà nínú panápaná. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti bá ọjà jà lórí ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀. Ibòmíràn ni iṣẹ́ wà.

Ìṣirò tí kò ní ọ̀rọ̀

Kí a fi Toyota Hilux ṣe àpẹẹrẹ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ, tí áàsù kan sì so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Irú ọkọ̀ yìí ni agbaṣẹ́ṣe lè gbé láti Èkó lọ sí ọ̀nà oko ní Òkè-Ògùn, tàbí sí ọ̀nà ẹrẹ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn iye tí ó tẹ̀lé e yìí wà fún ìṣirò nìkan. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n fúnra rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 55 nígbà tí a nà án tán, ó sì jẹ́ 35 nígbà tí ó súnkì tán. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn, èyí ni 20, ni ọ̀nà tí ó lè rìn. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣọ́ọ̀kì náà wà ní 45. Rọ́bà kan wà lábẹ́ ṣáásì tí áàsù máa ń kàn kí irin má baà lu irin. Áàsù ń kan rọ́bà yìí nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá wà ní 37, ó ku sẹ̀ǹtímítà 2 kí ṣọ́ọ̀kì súnkì tán. Nítorí náà, táyà lè gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 8, ó sì lè sọ̀kalẹ̀ ní 10.

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ wá fi sípíríǹgì gíga sí i, ọkọ̀ sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ yóò wà ní 50 báyìí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Táyà lè gòkè ní 13, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 5 péré ni ó kù fún un láti sọ̀kalẹ̀. Bí táyà bá kó sí kòtò jíjìn, ṣọ́ọ̀kì yóò nà tán kí táyà tó kan ilẹ̀, gbogbo ìwúwo áàsù àti táyà yóò sì so rọ̀ mọ́ ọn. Ojú bọ́lùtù rẹ̀ a ya, òróró a sì jò. Ìdí rèé tí oníbàárà fi ń wá ṣọ́ọ̀kì gígùn, kò sì jẹ̀bi.

Olùtajà mú ṣọ́ọ̀kì tí ó gùn ní 65 wá. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn ju ti àtijọ́ lọ. Inú oníbàárà dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí písítìnnì rìn jìnnà, ilé rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gùn, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ ń gùn nígbà tí ó súnkì pẹ̀lú. Èyí súnkì tán ní 40. Bí ọkọ̀ bá dúró ní 50, táyà lè sọ̀kalẹ̀ ní 15 báyìí, èyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí rọ́bà wà tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì wà, ní 37. Bí ọkọ̀ bá ru ẹrù tí táyà sì gun òkúta ńlá, ṣọ́ọ̀kì yóò súnkì tán ní 40, nígbà tí ó ku sẹ̀ǹtímítà 3 kí áàsù kan rọ́bà. Gbogbo ìkọlù náà yóò wá bọ́ sórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀pá a wọ́, tàbí kí ibi tí a so ó mọ́ lára ṣáásì ya kúrò. Ìgbà yìí gan-an ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe ohun tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ, ó sì ń kú nídìí rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún rọ́bà náà, kí áàsù lè máa kàn án ní 42. Sẹ̀ǹtímítà 2 yóò kù kí ṣọ́ọ̀kì súnkì tán, bí ti àtijọ́. Táyà yóò lè gòkè ní 8, bí ti àtijọ́, yóò sì lè sọ̀kalẹ̀ ní 15 dípò 10. Ọ̀nà mìíràn ni kí a gbé ibi tí a so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ sókè sí i. Èyíkéyìí tí a bá yàn, ìṣirò ni yóò fi hàn bí ó ti yẹ kí ó rí, ìṣirò náà kò sì ṣeé kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí ohun tí à ń ṣírò kò bá lórúkọ.

Orúkọ díẹ̀ tí ó tó

Orúkọ tí a nílò kò pọ̀. Gígùn ṣọ́ọ̀kì nígbà tí a nà án tán lè jẹ́ ìnàtán. Gígùn rẹ̀ nígbà tí ó súnkì tán lè jẹ́ ìsúnkìtán. Gígùn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè jẹ́ ìdúró. Ìyàtọ̀ àárín ìnàtán àti ìsúnkìtán ni ìrìn ṣọ́ọ̀kì. Rọ́bà tí áàsù ń kàn lè jẹ́ rọ́bà adènà. Láti ìdúró dé ibi rọ́bà adènà ni ìgòkè táyà. Láti ìdúró dé ìnàtán ni ìsọ̀kalẹ̀ táyà. Kò sí èyí tí ọmọ iṣẹ́ kò lè lóye ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá gbọ́ ọ. Bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá wà, oníbàárà lè sọ ní Ládípọ̀ pé: "Kí ìnàtán rẹ̀ jẹ́ 65, kí ìsúnkìtán rẹ̀ má sì ju 40 lọ." Gbólóhùn kan yìí lè gba ọkọ̀ là.

Àǹfààní wọn kò mọ sórí ọkọ̀. Olùkọ́ físíìsì lè lo ìnàtán fún sípíríǹgì tí a so ẹrù rọ̀ mọ́ nínú yàrá ìwádìí. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì lè lo ìsúnkìtán nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé iṣan ara. Nọ́ọ̀sì lè sọ̀rọ̀ lórí ìrìn písítìnnì abẹ́rẹ́. Ohun-èlò ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n gígùn, ìrìn àti ìdúró kì í yí padà. Ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá fún ìwọ̀n yóò pẹ́ ju èyí tí a ṣẹ̀dá fún irin lọ.

Ìsomọ́

Ọ̀ràn ìsomọ́ tún fi ìdí èyí múlẹ̀. Bí a bá so ṣọ́ọ̀kì ní òró gangan mọ́ áàsù, yóò máa rìn tó bí táyà ti rìn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní digíríì 45, táyà yóò rìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 nígbà tí ṣọ́ọ̀kì rìn ní nǹkan bíi 7. Agbára rẹ̀ láti di táyà lọ́wọ́ yóò dín kù ní ìwọ̀n kan náà, tí ó fi jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kù. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ báyìí kí táyà lè rìn jìnnà lórí ṣọ́ọ̀kì kúkúrú. Ohun tí wọ́n ń pàdánù ni ìfarabalẹ̀ ọkọ̀. Bí ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá di orúkọ ìwọ̀n, tí a sì ń fi digíríì kà á, mẹkáníìkì yóò lè sọ fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ ohun tí yóò jèrè àti ohun tí yóò pàdánù.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ dunjú kì í fi ojú díwọ̀n. Wọn a tú díẹ̀ nínú irin sípíríǹgì kí áàsù lè rìn fàlàlà, wọn a fi jáàkì gbé e sókè títí yóò fi kan rọ́bà adènà, wọn a sì wọn àárín ojú ìsomọ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn a sọ áàsù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn a tún wọn ọ́n. Bí áàsù ti ń sọ̀kalẹ̀, hóòsì bíréèkì ni ojú wọn máa ń wà lára rẹ̀, nítorí pé bí ìsọ̀kalẹ̀ táyà bá pọ̀ sí i, hóòsì náà gbọ́dọ̀ gùn sí i. Bí kò bá gùn tó, kòtò kan ṣoṣo lè já a, bíréèkì a sì kọ̀ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́.

Níwájú ọkọ̀ náà, níbi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń dá rìn, ìnàtán tí ó pọ̀ jù yóò jẹ́ kí ọ̀pá tí ń yí táyà tẹ̀ kọjá ibi tí a ṣe é mọ. Bọ́lùtù tí ó gba inú búṣì rọ́bà kọjá ni à ń mú le lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí táyà rẹ̀, kí rọ́bà náà má baà wà ní lílọ́ nígbà gbogbo. Ṣọ́ọ̀kì onígáàsì kò gbọdọ̀ rí iná wẹ́dà rárá, nítorí pé gáàsì tí a há mọ́ inú rẹ̀ lè bú gbàmù. Gbogbo ìkìlọ̀ wọ̀nyí ni a lè kọ sí ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá tí ó yé ọmọ iṣẹ́, bí àwọn orúkọ ìwọ̀n bá ti wà.

Ìmọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìmọ̀ ìrìn gígùn yìí ṣàjèjì sí àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Peugeot 504, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, gba òkìkí ní ojú ọ̀nà Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, táyà rẹ̀ sì ní ìrìn gígùn. Land Rover, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1948, jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí ó le. Nígbà tí Range Rover jáde ní ọdún 1970, sípíríǹgì lílọ́ tí ó ní ìrìn gígùn ni wọ́n fi sí i. Ẹni tí ó bá ti wọ oríṣi méjèèjì lórí ọ̀nà oko kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn fún un. Ìmọ̀ wà lára àwọn ènìyàn. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò lórúkọ.

Àtakò méjì

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo ohun-èlò gbọ́dọ̀ ní orúkọ Yorùbá, kí èdè má baà kú. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà, wákàtí àti àlàáfíà ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn wá, kò sì sí ẹni tí ń wá orúkọ mìíràn fún wọn. Èdè kì í kú nítorí pé ó yá ọ̀rọ̀. Ìgbà tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò bá lè fi í ṣírò mọ́ ni ó yẹ kí á bẹ̀rù.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé kí mẹkáníìkì lo Gẹ̀ẹ́sì fún ìwọ̀n, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó tètè kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kò ní Gẹ̀ẹ́sì náà, àfojúdíwọ̀n ni yóò sì fi rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọjà Ládípọ̀ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n tókúnbọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sì sí ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà tí kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kì í nílò ẹni tí yóò polówó rẹ̀.

Ìdánwò Ilé-Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Yorùbá fún odindi ọdún mẹ́fà. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní ọdún 1990, la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ohun tí ó kù ni kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́. Yunifásítì Èkó wà ní Akọ́kà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́-ọwọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 1947 kò jìnnà sí i. Múṣín kò sì jìnnà sí àwọn méjèèjì. Ìgbìmọ̀ tí yóò bá jókòó lórí èdè-ìperí iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní onímọ̀ èdè, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti mẹkáníìkì tí ó ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ yege. Mẹkáníìkì náà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ tí hóòsì bíréèkì rẹ̀ já lórí òkè kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá ṣọ́ọ̀kì ni à ń pe ohun tí a so mọ́ ọn tàbí apàgbọ̀n. Ohun tí ó lè yọ àwọn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni kí ẹnì kan ti dúró ní Ládípọ̀, kí ó mú tépù ìwọ̀n lọ́wọ́, kí ó sì béèrè ní èdè tí ó ń sọ lójoojúmọ́ pé, "Èló ni ìnàtán rẹ̀? Èló ni ìsúnkìtán rẹ̀?" kí ó tó sanwó.